Ilé amọ̀ mi ní Kétu: ibi tí owó gbà lọ

Láti ìgbà tí ògiri yìí ti ń ga, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn ń bi mí: èló ló ná ọ? Mo kọ owó náà sílẹ̀ bí mo ṣe ń san án, kí ẹni tó bá fẹ́ fi amọ̀ kọ́lé lè rí ohun tí yóò bá pàdé. Orí ilẹ̀ ẹbí wa ni ilé náà wà ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, lójú ọ̀nà Ìlárá: yàrá méjì àti pálọ̀ kan, mítà mẹ́jọ ní gígùn, mítà mẹ́fà ní ìbú, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ òrùlé tó yọ síta. Sẹ́fà ni gbogbo owó tí mo kọ síbí, iye tí èmi fúnra mi san ló sì jẹ́. Ẹni tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) yóò rí ìyàtọ̀, pàápàá lórí yanrìn àti omi.

Oṣù Bélú: ìṣirò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Mo kọ́kọ́ pe bíríkìlà kan kó bá mi ṣírò ilé yìí kan náà pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù símẹ́ǹtì, nítorí èèyàn kò lè sọ pé òun jèrè bí kò bá mọ ohun tí ì bá ná. Ògiri nìkan ni mo ní kó ṣírò, láìka ìpìlẹ̀ àti òrùlé mọ́ ọn. Ó ní búlọ́ọ̀kù yóò tó nǹkan bí 1,200. Símẹ́ǹtì tí yóò mọ búlọ́ọ̀kù, tí yóò tò ó, tí yóò sì rẹ́ ògiri nínú àti lóde jẹ́ 80 àpò. Àpò 50 kílò kan jẹ́ 4,300 lọ́wọ́ ẹni tí mo ń rà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó di 344,000. Yanrìn, 120,000. Irin àti òkúta wẹ́wẹ́ fún kọ́ńkéré tó yí orí ògiri ká, 96,000. Iṣẹ́ ọwọ́, 230,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 790,000.

Àwọn kan máa ń ní kí ló dé tí símẹ́ǹtì fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀ fún wa, nígbà tó jẹ́ pé Oníìgbólò, ní ilẹ̀ Pobẹ́, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun tí wọ́n sì ń ṣe símẹ́ǹtì, kò jìnnà sí wa. Iná ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ sun òkúta náà pọ̀ mọ́ amọ̀ títí ìgbóná rẹ̀ yóò fi tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó di ohun tí wọ́n lè lọ̀ sínú àpò. Epo tó ń dá iná yẹn wà nínú owó tí a ń san, bó ti wù kí ilé iṣẹ́ sún mọ́ wa tó. Amọ̀ kò fẹ́ iná. Oòrùn ló ń gbẹ ẹ́, oòrùn kì í sì í gbowó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló ṣeé mọ. A gbẹ́ kòtò kékeré lẹ́yìnkùlé, a kó ilẹ̀ dúdú tó wà lókè kúrò torí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà inú rẹ̀, a sì dé ilẹ̀ pupa tí gbogbo ará Kétu mọ̀. Bàbá tó bá mi mọ ilé, àgbà tó ti fi ọwọ́ rẹ̀ mọ ilé púpọ̀ láti ìgbà èwe, bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fi omi pò ó, ó yí i bí okùn, ó sì ń tì í jáde díẹ̀díẹ̀ ní etí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí ó fi já. "Ó ti le jù," ni ó wí. "Ẹ bá mi wá yanrìn díẹ̀ sí i." Èmi náà ṣe ìdánwò tèmi: mo kan àpótí pákó tó gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mẹ́rin tó sì jìn ní mẹ́rin, mo kún un fún ẹrẹ̀, mo jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ ibòji. Ẹrẹ̀ náà sún kúrò létí àpótí, ó sì sán láàárín, bí bàbá ti wí gẹ́lẹ́. Ilẹ̀ tí amọ̀ rẹ̀ pọ̀jù máa ń sán bó bá ń gbẹ, èyí tí yanrìn rẹ̀ pọ̀jù sì máa ń rún wẹ́wẹ́. Yanrìn tí a fi kún un jẹ́ èyí tí àgbàrá kó jọ sí etí ọ̀nà wa, a kò ra á.

Mo yẹ ọ̀nà kan mìíràn wò: bíríkì amọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni CINVA-Ram, tí Raúl Ramírez ṣe ní Bogotá, ní Kòlóńbíà, láàárín ọdún 1950 sí 1959. Bíríkì rẹ̀ dára, ó ṣe déédéé, ògiri rẹ̀ kì í gba àyè púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń fi símẹ́ǹtì tó tó ìdá mẹ́rin sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún sí i, a sì gbọ́dọ̀ máa wọ́n omi sí i lábẹ́ ìbòrí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Owó àyálò ẹ̀rọ náà, owó símẹ́ǹtì, àti omi tí yóò tún mu, wọ́n jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ bàbá.

Oṣù Ọ̀pẹ̀: ìpìlẹ̀

Ibí ni mi ò ti fi owó du ilé. Ohun tó ń pa ilé amọ̀ kì í ṣe ọjọ́ orí, omi ni: omi tó ń gba ìsàlẹ̀ gòkè, àti èyí tó ń ta láti ilẹ̀ bá ìdí ògiri nígbà òjò. Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ ládùúgbò yín, ẹ ó rí i pé ìdí wọn ló ti ń jẹ wọlé kí orí wọn tó ní ìṣòro kankan. A gbẹ́ ilẹ̀, a sì fi yangí mọ ìpìlẹ̀ títí ó fi yọ ga dé orúnkún lókè ilẹ̀. Ọkọ̀ yangí mẹ́ta, 35,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 105,000. Símẹ́ǹtì 14 àpò fún dídi yangí náà pọ̀, 60,200. Iṣẹ́ ọwọ́, 55,000. Ó jẹ́ 220,200, ilé búlọ́ọ̀kù náà ì bá sì ná iye yìí kan náà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ilé amọ̀ kò ná símẹ́ǹtì rárá, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó fi sí ìdí ògiri rẹ̀.

Omi

Mo ya ọ̀rọ̀ omi sọ́tọ̀ torí òun ni ẹni tó ń gbèrò ilé amọ̀ kì í rò sí. Omi abẹ́ ilẹ̀ jìn sí wa lórí òkè Kétu. Láyé àwọn bàbá wa, omi òjò ni ọ̀pọ̀ ilé ń gbára lé, wọ́n á gbà á pamọ́ sínú àmù àti kòtò. Ní báyìí ẹ̀rọ omi wà, ṣùgbọ́n a ń rà á, a sì ń san owó kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé e wá. Ògiri tó nípọn ní 40 sẹ̀ǹtímítà, tó yí ilé yìí ká tó sì pín inú rẹ̀, gba amọ̀ tó sún mọ́ mítà kúbíìkì 38. Omi tó pò ó jẹ́ àgbá 50, àgbá kan 200 lítà, 700 ọ̀kọ̀ọ̀kan: 35,000.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ìgbà òjò, nígbà tí omi jẹ́ ọ̀fẹ́, ògiri kì í gbẹ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí ògiri ń gbẹ dáadáa, ni omi wọ́n jù. Bàbá fi bí wọ́n ṣe ń bọ́ nínú rẹ̀ hàn mí: kí èèyàn wa amọ̀ rẹ̀ jọ ní òpin oṣù Ọ̀wàrà, kó tú u, kó jẹ́ kí òjò tó kẹ́yìn rin ín, kó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti koríko bò ó. Ẹrẹ̀ tó ti rin báyìí rọrùn láti tẹ̀, omi tó sì máa mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò dín kù. Ìdajì amọ̀ wa la ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi, kó ṣe gbogbo rẹ̀.

Amọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò ná mi ní kọ́bọ̀, torí ẹ̀yìnkùlé ni a ti wà á. Mítà kúbíìkì 38 yóò wúwo ju tọ́ọ̀nù 60 lọ bó bá gbẹ tán. Bí a bá ní ká fi ọkọ̀ gbé e wá láti ibòmíràn, owó ọkọ̀ nìkan yóò jẹ èrè náà run. Èyí ni mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Àjàṣẹ́ tí ilẹ̀ wọn wà nítòsí ọ̀sà, níbi tó jẹ́ yanrìn tàbí àbàtà: ilé amọ̀ kì í wọ́n níbi tí amọ̀ bá wà lábẹ́ ẹsẹ̀ onílé. Kòtò tí a wà kò sì ṣòfò. Apá kan di kòtò ilé ìyàgbẹ́, a gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ìyókù.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí Èrèlè: ògiri

Ìpele márùn-ún ni ògiri náà, ìpele kan ga díẹ̀ ju ààbọ̀ mítà lọ. Bí wọ́n bá mọ ọ̀kan yíká ilé tán, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó le tó ohun tó lè gbé òmíràn. Wọ́n á tẹ ẹrẹ̀ pẹ̀lú koríko tí a gé kúkúrú, wọ́n á sù ú ní ìṣù ńlá, ẹnì kan á máa jù ú, ẹni tó wà lórí ògiri á máa hán an, á sì máa fi agbára lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí àyè má ṣe wà láàárín. Lọ́jọ́ kejì, kó tó le jù, bàbá á fi àdá fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó gún régé. Okùn tí òkúta so mọ́ nídìí ló fi ń wò ó bóyá ó dúró ṣánṣán. Mi ò tíì rí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ tó báyìí.

Nígbà tí bàbá bàbá mi ń kọ́lé, ọ̀wẹ̀ ló bẹ̀. Àwọn ọkùnrin àdúgbò á kóra jọ, wọn á tẹ ẹrẹ̀ títí oòrùn á fi mú, onílé á fi oúnjẹ àti ẹmu gbà wọ́n lálejò, bó bá sì kan tiwọn, òun náà á lọ. Owó kì í wọ̀ ọ́. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ló ti lọ sí Kútọnu tàbí Èkó, àwọn tó kù ń gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, ọjọ́ tí wọn kò bá sì gùn ún, ebi ń bẹ nílé. N kò lè bínú sí wọn. Ìpele mẹ́rin ni mo sanwó fún, 45,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 180,000. Ìpele karùn-ún ni àwọn ọkọ àwọn àbúrò mi obìnrin wá fi ṣe ọ̀wẹ̀ àna fún ìyá wa, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn, wọn kò sì gba kọ́bọ̀. Ìyá mi jókòó síbẹ̀ láti òwúrọ̀, ó ń ki ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní oríkì. Oúnjẹ gbogbo àwọn òṣìṣẹ́, àti ti ọjọ́ ọ̀wẹ̀ yẹn, jẹ́ 58,000. Gbígbé koríko wá, 10,000. Bí mo bá fi omi kún un, ògiri ná mi ní 283,000.

Àwọn ọ̀dọ́ kan dúró wò wá, wọ́n ní ilé ẹrẹ̀ kì í pẹ́. Mo ní kí wọ́n lọ wo ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ́nà. Amọ̀ ni odi tó yí ìlú yìí ká nígbà náà, inú yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká ni wọ́n sì ti rí amọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ogun Dàhòmì fi borí ní 1886, wọ́n ti sé ìlú mọ́ títí ebi fi mú àwọn ará inú rẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, àwọn ilé ńlá tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́, amọ̀ ló wà nínú ògiri ọ̀pọ̀ wọn lábẹ́ ìrẹ́ tí a ń wò tí a sì ń yìn. Àwọn tí òrùlé wọn ṣì dára ló dúró. Àwọn tó ti wó, òrùlé wọn ló kọ́kọ́ ń jò, tí ẹbí kò sì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò tún un ṣe.

Oṣù Ẹrẹ́nà: òrùlé kí òjò tó dé

Òrùlé ló gba owó jù nínú gbogbo ilé yìí. Páànù 60, 3,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, 210,000. Igi tíìkì, 165,000. Mo sọ fún káfíńtà pé inú igi tó ti gbó ni mo fẹ́, torí ikán kì í sáré jẹ ẹ́. Iṣẹ́ káfíńtà àti ìṣó, 75,000. Ó jẹ́ 450,000. Mo ronú koríko, ṣùgbọ́n koríko tó dára fún òrùlé ti jìnnà sí wa báyìí, ẹni tó mọ̀ ọ́n bò kò pọ̀, iná sì ń bà mí lẹ́rù láàárín ìlú.

Ìjì òjò ilẹ̀ wa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn jà wá. Ògiri ìlà-oòrùn ló ń jẹ ìyà jù ní gbogbo ilé, ẹ lọ wò ó. Nítorí náà, ìhà yẹn ni mo fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí, òrùlé sì yọ síta gan-an níbẹ̀. Ní ìhà mẹ́ta yòókù, ó yọ tó mítà kan. Páànù tó lé síta yìí wà nínú iye owó tí mo kọ sókè.

Mo sì ní kí káfíńtà gbé páànù náà sókè díẹ̀ kúrò lórí ògiri, kí atẹ́gùn máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ Francis Kéré ni mo ti rí èyí, ayàwòrán ilé tó jẹ́ ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso, tó gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán ilé, ní 2022, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ sí abúlé rẹ̀, tí wọ́n parí ní 2001, jẹ́ bíríkì amọ̀ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì díẹ̀ sí, òrùlé páànù rẹ̀ sì ga kúrò lórí àjà kí ooru lè jáde. Ọ́fíìsì rẹ̀ ló ya àwòrán ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan ní amọ̀ ti di ti tálákà, mo sọ èyí fún un, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní kí n fi àwòrán ilé ẹ̀kọ́ náà han òun.

Oṣù Igbe: ìrẹ́

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi owó ra wàhálà. Wọ́n á mọ ilé amọ̀, wọ́n á wá fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lóde kó lè dàbí ilé búlọ́ọ̀kù. Símẹ́ǹtì le, kì í bá amọ̀ nà tàbí sún, bí ọdún mélòó kan bá sì kọjá, ó ń lanu. Òjò á gba ojú yẹn wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde, amọ̀ á máa rọ̀ lẹ́yìn símẹ́ǹtì láìsí ẹni tó rí i. Lọ́jọ́ kan, odidi ojú ògiri á ya lulẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn. Àdúgbò wa kún fún irú ògiri bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá ń kọjá, torí owó tí wọ́n fi ra símẹ́ǹtì yẹn tó ṣe àtúnṣe fún ọdún púpọ̀.

Amọ̀ ni a fi rẹ́ amọ̀. Àwọn ìyá mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ náà ló ṣe é: amọ̀ tí a sẹ́, yanrìn, ìgbẹ́ màlúù láti ọ̀dọ̀ àwọn Fúlàní, koríko gígé wẹ́wẹ́, wọ́n rẹ gbogbo rẹ̀ títí ó fi kan. Èyí tó lọ sójú òde, wọ́n fi omi èèpo irúgbá tí a sè títí ó fi dúdú wọ́n ọn. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí òjò ṣàn kọjá lójú rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn, 45,000. Ìgbẹ́ màlúù àti èèpo irúgbá tó ti òkè wá, 18,000. Ó jẹ́ 63,000. Nígbà tí wọ́n parí, ìyá tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Ọmọ mi, má jẹ́ kí ewúrẹ́ máa fara nù ún o." A ti fi ọparun ṣe ọgbà yíká.

Ìlẹ̀kùn àti fèrèsé jẹ́ 185,000. Inú ilẹ̀, yangí tí a lù mọ́lẹ̀ tí a sì fi símẹ́ǹtì fẹ́ẹ́rẹ́ bò, àpò mẹ́jọ, 34,400, iṣẹ́ ọwọ́ 30,000.

Ìṣirò

Ògiri àti ìrẹ́ rẹ̀ ná mi ní 346,000 dípò 790,000. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 444,000, ó ju ìdajì lọ. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbọ́ nìyí, tí wọ́n sì máa ń gbà pé ilé amọ̀ jẹ́ ìdajì owó. Rárá. Gbogbo ilé náà ná mi ní 1,265,600. Ká ní búlọ́ọ̀kù ni, ì bá jẹ́ 1,709,600. Ohun tí mo jèrè jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́rin, torí ìpìlẹ̀, òrùlé, ìlẹ̀kùn àti ilẹ̀ kò mọ̀ bóyá amọ̀ ni ògiri. Ẹni tí kò ní àna tó lè ṣe ọ̀wẹ̀ fún un, kó yọ 45,000 nínú èrè yẹn.

Kó tún yọ ti àtúnṣe. Lọ́dọọdún, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, ògiri ìhà tí òjò ń nà gbọ́dọ̀ rí ìrẹ́ tuntun. Àwọn ìyá náà ní 15,000 ló máa tó o. Ní ogún ọdún, ó di 300,000. Mo fi eléyìí síwájú ìyàwó mi kí a tó bẹ̀rẹ̀, a sì jọ gbà á.

Kí wá ni mo rí? Mo wo ibi tí owó náà lọ. Símẹ́ǹtì ilé búlọ́ọ̀kù ì bá jẹ́ 102 àpò. Tèmi jẹ́ 22. Ìyàtọ̀ 80 àpò yẹn, 344,000, ì bá ti bá ọkọ̀ ńlá jáde kúrò ní Kétu. Owó tí mo ná lórí ògiri wà lọ́wọ́ bàbá, lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin tó tẹ ẹrẹ̀, àwọn ìyá tó rẹ́ ilé, ìyá olóúnjẹ, ọmọ tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé omi. Méjì nínú àwọn ọmọkùnrin náà ti lè mọ ìpele fúnra wọn báyìí. Bàbá kò tíì ní ọmọ iṣẹ́ mìíràn, ó sì ti dàgbà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá lọ láìsí ẹni tó kọ́ ọ, kò sí iye owó tí yóò rà á padà, nígbà náà ilé amọ̀ yóò wọ́n ju búlọ́ọ̀kù lọ lóòótọ́.

Àjà ló kù. Mo fẹ́ fi ọparun ṣe é, kí n fi amọ̀ tín-ín-rín lẹ̀ ẹ́ lókè kí ooru páànù má bàa sọ̀ kalẹ̀. Mo ti bá ẹni tó ń gé ọparun sọ̀rọ̀; 60,000 ló pè, a ṣì ń dúnàá dúrà. Ẹni tó bá fẹ́ wá wo ògiri kí àjà tó bò ó lórí, kó wá kí oṣù Agẹmọ tó parí. Bàbá ti ní òun yóò wà níbẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè, ó sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wá.